Ìyá Ìgbìmọ̀ àti Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Àga oníkẹ̀kẹ́ náà há sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó ń tì í fà á sẹ́yìn, ó rọra darí rẹ̀, ó tún tì í. Pàbó. Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kàn ń ha férémù ilẹ̀kùn, ọ̀dà tuntun sì ń bó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká gba iwájú," ni àbúrò rẹ̀ tó jókòó sórí àga náà wí. "Ọwọ́ ń dùn mí."

"Bó bá jẹ́ iwájú ni iná ti ń jó ńkọ́?"

Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe torí kí àwọn ọmọ lè ráyè sá àsálà bí iná bá ṣẹ́ yọ gan-an nìyẹn.

Ilé ìkọ́ṣẹ́ tuntun fún àwọn ọmọ tí kò lè rìn ni wọ́n wà. Ẹgbẹ́ aláàánú kan tí kì í wá èrè ló kọ́ ọ, Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ ṣí i. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin yìí ti wọ kíláàsì àṣekágbá ni ìgbìmọ̀ alábòójútó ẹgbẹ́ náà ti mú un mọ́ra, kó lè máa sọ tẹnu àwọn ọ̀dọ́. Kò sówó oṣù níbẹ̀, kò sówó ọkọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé wá sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ìgbìmọ̀.

"Ìyá Ìgbìmọ̀, ìdánwò ń bọ̀, ẹ̀yin ń lọ jókòó ti àwọn arúgbó!" ni ọ̀kan nínú wọn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fún yín níbẹ̀? Omi tútù?"

Ọmọbìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sì gba ibẹ̀ kọjá. Ó mọ ohun tóun ń wá lọ. Ẹnjiníà tó ya àwòrán ilé náà jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, ó sì ti ṣèlérí pé bó bá ti ṣèdánwò tán, òun á gbà á sí ọ́fíìsì òun láti kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà. Iṣẹ́ tó ti ń lálàá rẹ̀ láti kékeré nìyẹn. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ takisí, kì í gbé èrò kan kó má sọ fún un pé ọmọ òun ti fẹ́ di ayàwòrán ilé.

Ó lọ bá Ẹnjiníà nídìí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò gba àga oníkẹ̀kẹ́."

Ẹnjiníà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Mo mọ̀," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àwọn bíríkìlà ló ṣì í kọ́. Bá a bá ti ṣí ilé tán, mo máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tó o bá sọ ọ́ nípàdé ọ̀la, wọ́n á sún ọjọ́ síwájú, màá sì dẹni yẹ̀yẹ́ lójú àwọn àlejò tí mo pè. Ṣó yé ẹ?"

"Sà, ọjọ́ Mọ́ńdè làwọn ọmọ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé o."

"Iná wo ló ń jó níbẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Àyè rẹ ń dúró dè ẹ́ lọ́dọ̀ mi. Má fọwọ́ ara ẹ ba tiẹ̀ jẹ́."

Nígbà tó délé, ó rò ó fún bàbá rẹ̀ tó ń nu gíláàsì ọkọ̀.

"Ó ní òun á tún un ṣe, àbí?" ni bàbá rẹ̀ bi í. "Jẹ́ kó tún un ṣe nígbà náà. Ẹnìkan gbé àkàbà kalẹ̀ fún ẹ, o fẹ́ fẹsẹ̀ gbá a dànù." Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára àbúrò ọmọ náà tó ń kàwé lójú fèrèsé. Ó padà sídìí gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń nù ún lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ jókòó yí tábìlì gígùn ká. Ìyá arúgbó kan, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága wọn. "Ká tó fọwọ́ sí ìṣílé yìí," ló wí, "ṣé ẹnikẹ́ni lọ́rọ̀ sọ?"

Ẹnjiníà tẹjú mọ́ ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lọ́kàn. Wọ́n ní bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Òun ò tíì fẹnu kan nǹkan kan, ojú ti ń ti òun! Ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ẹ má pè é ní àfojúdi. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn há. Àga oníkẹ̀kẹ́ ò lè gba ibẹ̀ kọjá."

Ẹnjiníà gbá tábìlì. "Ọmọ tí ò tíì jáde nílé ìwé! Ṣé òun ló máa kọ́ mi níṣẹ́? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wọn ilẹ̀kùn yẹn. Ó fẹ̀ dáadáa!"

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kí ọmọdé mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wo ilẹ̀kùn."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìyá arúgbó náà fúnra rẹ̀ jókòó sórí ọ̀kan lára àwọn àga oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n rà fún àwọn ọmọ. "Ìdajì ìlú yìí ni mo gbẹ̀bí wọn," ló wí. "Kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ọ̀nà tó há fún mi. Tì mí, ọmọ mi."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè panu mọ́. Ọmọbìnrin náà di ẹ̀yìn àga mú. Bí àga yìí bá kéré ju ti àbúrò òun lọ ńkọ́? Ó tì í. Gbà! Ó há.

Alága gbìyànjú láti sún síwájú, kò rọ́nà. Ó bojú wẹ̀yìn. "Ká ní èéfín ló ń lé mi bọ̀ báyìí ńkọ́? Ẹnjiníà, ẹ lẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n?"

Wọ́n sún ìṣílé síwájú. Bí Ẹnjiníà ṣe ń kọjá lára ọmọbìnrin náà, ó sọ ọ́ sí i létí pé: "Lọ wáṣẹ́ síbòmíràn."

Bí iṣẹ́ náà ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn o. Bàbá rẹ̀ ò bá èrò sọ̀rọ̀ ayàwòrán mọ́. Ìdánwò parí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bi í pé, "Ìyá Ìgbìmọ̀, iṣẹ́ dà?" Ó sunkún ní balùwẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Síbẹ̀, kò pa ìpàdé kankan jẹ. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wó ògiri ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, ó mú àwòrán ilé dání, ó ń bi àwọn bíríkìlà ní ìbéèrè títí wọ́n fi fi ilẹ̀kùn tó fẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé kan, obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àyẹ̀wò ààbò ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mò ń wá ẹni tí màá kọ́ níṣẹ́."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín mà."

"Ìwọ tó ò ń ka àwòrán ilé bí ẹni ń kàwé? Tó o bá àgbà jiyàn láìbú wọn? Ta ló kọ́ ẹ?"

Ó ronú. Kì í ṣe ilé ìwé. "Ìgbìmọ̀ ni mà."

"Mo sì jókòó níbẹ̀, mò ń wò ẹ́. Wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́, ó gbé àkísà tó fi ń nu ọkọ̀ sílẹ̀. "Èmi ni mo ní kó o panu mọ́," ló wí. "Bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, má gbọ́ tèmi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fojú kéré iṣẹ́ ìlú tí wọn ò sanwó rẹ̀. Ó ń kọ́ni níṣẹ́, ó ń kọ́ni lọ́rọ̀ sísọ, ó sì ń mú ojú àwọn tó mọyì èèyàn wá sára ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí èrè tó ń retí sọ òtítọ́ nù, bó bá tiẹ̀ rí èrè náà gbà, kò ní lẹ́nu tó máa fi jẹ ẹ́.