Ọjọ́ Tí Ọkọ Ìyàwó Lọ Ṣèdánwò

Ẹni tó bá ń wá ìfẹ́ kì í sábà lọ wá a sí kíláàsì tí àwọn àgbàlagbà ti ń kọ́ gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni Olúfúnkẹ́ ti bá tirẹ̀ pàdé, ìbínú ló sì bá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọdún 2004 ni. Olúfúnkẹ́ ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìrọ̀lẹ́ kan ní Durumi nílùú Àbújá, níbi tí àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ti ń wá ìwé tí wọn ò rí kà ní kékeré. Télọ̀ wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, oníṣòwò pọ̀ bí nǹkan míì. Ohun kan ló ń bí tíṣà yìí nínú. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìdajì kíláàsì á dìde, wọ́n á jáde, àwọn mìíràn ò sì ní padà wọlé mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ lé wọn dé ẹ̀yìn kíláàsì.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé eré lẹ rò pé mo ń ṣe níhìn-ín ni? Ẹni tí kò bá fẹ́ kàwé, kó jókòó sílé rẹ̀!"

Ọkùnrin kan tó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ gbójú sókè. "Ẹ má bínú, tíṣà. Ìrun la fẹ́ kí. Nígbà tí a bá fi máa kí i tán, ẹ̀kọ́ á ti lọ jìnnà. Ojú ló máa ń tì wá láti padà wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà dun Olúfúnkẹ́ wọ egungun. Àṣé àwọn tó ń pè ní ọ̀lẹ láti ọjọ́ yìí, Ọlọ́run ni wọ́n ń lọ sìn! Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láti Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, ọ̀rọ̀ náà ò sọ sí i lọ́kàn rí. Láti ọjọ́ kejì ló ti pín ẹ̀kọ́ sí méjì, ó ní kí gbogbo kíláàsì sinmi ní àkókò ìrun. Kò tún sí ẹni tó sá mọ́.

Akóredé ni orúkọ ọkùnrin alálùwàlá náà. Ọmọ Ìlọrin ni, Mpape ní Àbújá kan náà ló ń gbé, ó sì ń ta àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ lọ́jà. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló wù ú láti kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ kò sí pólì tó máa gbà á láìsí i.

Ó wá sọ ọ́ di àṣà, bí kíláàsì bá tú, á dúró bá tíṣà to àga. Lọ́jọ́ kan, ó mú àròkọ kan wá. Ó kọ ọ́ nípa obìnrin kan tó máa ń fajú ro bí ẹni tó jẹ orógbó, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín, àárẹ̀ ọjà á tán lára ènìyàn.

"Akóredé, ta lo kọ èyí nípa rẹ̀?"

"Tíṣà kan ni, mà."

"Gírámà rẹ̀ ò dáa."

"Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó dáa?"

Olúfúnkẹ́ pa ìwé náà dé. Ó dùn mọ́ ọn, ẹ̀rù sì bà á. "Gbọ́ mi dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń máàkì ìwé rẹ, mi ò ní dá ọ lóhùn."

Ẹ wá gbọ́! Lọ́jọ́ kejì, Akóredé ti kó lọ sí kíláàsì Ọ̀gbẹ́ni Sànúsí, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kejì. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Tíṣà mi, ẹ ò máàkì ìwé mi mọ́ o!"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra nìyẹn, ìfẹ́ náà sì wọ̀ wọ́n lára ṣinṣin.

Ṣùgbọ́n ilé ò gbà. Bàbá Olúfúnkẹ́, Bàbá Akínjídé, ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, Àbújá náà ló sì ń gbé. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ náà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. "Ìmàle, tó tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ? Ẹni tí kò tíì rí Gẹ̀ẹ́sì gbé kúrò nílẹ̀ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?"

Lápá kejì, Wàsílátù, àǹtí tó tọ́ Akóredé, ń pariwo ní Mpape. "Kai! Ṣé obìnrin ti tán ní Ìlọrin ni?"

Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, Wàsílátù rọ̀. Bàbá náà rọ̀, àmọ́ ó kìlọ̀. "Kí wọ́n wá tọrọ rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá fi mí ṣeré lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí."

Ó wá ku kí wọ́n mú ọjọ́ ìtọrọ. Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ tó! Wọ́n yẹra fún Ààwẹ̀ Ràmàdáánì, wọ́n yẹra fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yẹra fún ìsinmi Kérésìmesì. Wọ́n mú Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, tọ̀tún tòsì dúpẹ́. Kò sí ẹni tó rántí wo ọjọ́ ìdánwò, bẹ́ẹ̀ Olúfúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ó ku ọ̀la, Akóredé wá bá a, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Fúnkẹ́, ọ̀la ni Gẹ̀ẹ́sì."

"Yéè! Èmi, èmi tíṣà!" Olúfúnkẹ́ káwọ́ lérí. Àwọn àgbà Ìlọrin ti wọ Àbújá.

"Mi ò ní lọ," Akóredé wí. "Ìdánwò á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Bí Bàbá bá kọ̀, níbo ni mo ti fẹ́ rí ìwọ?"

Omijé bọ́ lójú Olúfúnkẹ́. Ó wù ú kó wá, Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù ú. "Olówó orí mi, bí o bá tìtorí mi pa ìwé tì, ojoojúmọ́ ni màá máa rí i lójú rẹ. Lọ ṣèdánwò rẹ. Fi Bàbá sílẹ̀ fún mi."

Ẹnu ló fi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹbí ọkọ dé sílé Bàbá Akínjídé, Wàsílátù ló ṣáájú wọn. Wọ́n kí, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tọrọ. Bàbá Akínjídé wá wo àárín wọn títí. "Ọmọ yín dà tí kò wá dọ̀bálẹ̀?"

Olúfúnkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ má bá wọn wí. Èmi ni mo ní kó má wá. Ó wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò."

"O ní kó má wá síbi ìtọrọ tirẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣubú. Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín ni, kí lẹ̀ bá ní kó ṣe?"

Bàbá dìde, ó dé fìlà, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Dìde, mú mi lọ síbẹ̀."

Lójú ọ̀nà, Olúfúnkẹ́ rò pé òun ti pàdánù ọkọ.

Wọ́n dúró lẹ́nu géètì ibi ìdánwò títí àwọn tó ń ṣèdánwò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Akóredé rí bàbá ìyàwó rẹ̀. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú erùpẹ̀ pupa tòun ti aṣọ funfun tó wọ̀. Nígbà tí télọ̀ rí i, òun náà dọ̀bálẹ̀ tì í. Awakọ̀ tẹ̀ lé e. Kí á tó wí, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ti na ara wọn sílẹ̀ lẹ́nu géètì, bíírò ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ké pé, "Ẹ bá wa fún un níyàwó, Bàbá! Àwa lọ̀rẹ́ ọkọ!"

Bàbá Akínjídé rìn sún mọ́ wọn. "Akóredé, ṣé o dáhùn gbogbo ìbéèrè?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

"Ṣé o yẹ iṣẹ́ rẹ wò kí o tó fi í sílẹ̀?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Mo tún un yẹ̀ wò."

Ọ̀gá ilé ìwé náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn erùpẹ̀ kúrò léjìká Akóredé. Olúfúnkẹ́ bú sẹ́kún.

"Dìde. Àwọn èèyàn rẹ ń dúró dè ọ́ nílé," Bàbá wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. "Iwájú ni kí o jókòó, àna mi. Fúnkẹ́, bọ́ sẹ́yìn."