Àwa Mẹ́ta Péré La Wà Nílé Yìí

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ nílé Màmá Aláró ní Kemta, nílùú Abẹ́òkúta, ìlà ni wọ́n ń tò síwájú balùwẹ̀. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, ẹni tó ń lọ sílé ìwé, ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá, gbogbo wọn á gbé kẹ́tùlù àti korobá dání, wọ́n á máa gbá ilẹ̀kùn páànù.

"Ìwọ tó wà ńbẹ̀ yẹn, ṣé o sùn lọ ni?"

Yàrá méje, balùwẹ̀ kan. Ẹ kò ní láti dé Kemta kí ẹ tó mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, inú irú rẹ̀ lẹ jí sí láàárọ̀ yìí.

Sìlífátù ni orúkọ màmá náà, ṣùgbọ́n nítorí ìkòkò aró tó kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, Màmá Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mùsílíù, àbíkẹ́yìn rẹ̀, bíríkìlà ni. Ó ń bá àwọn ọ̀gá kọ́lé ní Ìbàrà, ilé tí ènìyàn lè sáré nínú rẹ̀. Bó bá ti fọ ṣíbí ìkọ́lé rẹ̀ tán nírọ̀lẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá rẹ̀ ni òun, Bùsírátù ìyàwó rẹ̀, àtàwọn ọmọ wọn ń sùn sí.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1981, àrùn èèyi wọ ilé náà. Ó ń lọ láti yàrá dé yàrá títí ó fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì mú àbíkẹ́yìn Bùsírátù lọ. Nígbà tí Bùsírátù tún lóyún, ó sọ gbólóhùn kan fún ọkọ rẹ̀, kò pariwo, kò sunkún.

"Mi ò ní gbé ọmọ yìí wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí kò bá sí yàrá, mo ń gbé e lọ sílé bàbá mi ní Ọ̀dẹ́dá, mi ò sì ní padà."

Ilẹ̀ wà o! Ilẹ̀ ẹbí wọn wà lẹ́yìn ilé, níhà òkè, àádọ́ta ẹsẹ̀ ní ìbú, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ ní gígùn. Mùsílíù ní kí wọ́n ya píláànù yàrá mẹ́rin fún òun, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́ nílùú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ibẹ̀ dé, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ìkòkò, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí aláró.

"Àrẹdú o, Màámi."

"Oò. Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní nínú òfin ìlú, ilé ńláńlá ni apá ibẹ̀ wà fún. Ilé kan, ìdílé kan. Wọ́n ní ilẹ̀ wa kò tó ìdá mẹ́ta èyí tí òfin ń fẹ́."

"Ilẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ fi sílẹ̀ ni kò tó? Ta ló sọ fún wọn pé ilé ńlá là ń fẹ́ ní Kemta?"

Mùsílíù kò mọ ẹni náà. Ìyá rẹ̀ náà kò tíì mọ̀ ọ́n.

Wọn ò tíì dákẹ́ tí Àlàájì Láwàlì fi wọlé. Onílé ni, ogún yàrá ló ní tó fi ń gba ayálégbé. Láti ìgbà tí Abẹ́òkúta ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ya wọ̀lú, owó yàrá rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ rí, òkè ló ń gùn.

"Bíríkìlà, mo gbọ́ pé wọ́n lé ọ padà."

"Etí yín yá, Àlàájì."

"Ilẹ̀ yẹn, tà á fún mi. Èmi ni mo ni ti ọ̀tún, èmi ni mo ni ti òsì. Bí mo bá pa á pọ̀, ó tó ohun tí òfin wí. Ìwọ lè ra tìrẹ ní Kọ́bapẹ́."

"Kí n máa ti Kọ́bapẹ́ rìn wá síbi iṣẹ́?"

"Ṣé ẹsẹ̀ ẹ dá ni?"

Bùsírátù dáhùn láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ẹsẹ̀ tiyín náà ò dá, Àlàájì. Ẹ̀yin ẹ lọ gbé Kọ́bapẹ́."

Àwọn aláró tó ń bá màmá ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Láwàlì ṣẹ́ etí agbádá rẹ̀ lé èjìká.

"Ó dáa. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pe ìpàdé ní gbọ̀ngàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má débẹ̀ o. Owó-orí ni wọ́n ń wá."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Adérónkẹ́ dé. Ọmọ kíláàsì Bùsírátù ni nílé ìwé, ọ́fíìsì ètò ilé kíkọ́ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ya àwòrán ìlú. Ó ti rí ojú Mùsílíù nígbà tó ń jáde lọ́sàn-án, kò sì lè lọ sílé rẹ̀ tààrà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Bọ̀dá Mùsílíù, ẹ jókòó. Òfin yẹn kò ti ọ̀run bọ̀. Ènìyàn ló kọ ọ́, wọ́n sì ń tún un kọ lọ́wọ́ báyìí."

"Òfin wo gan-an?"

"Èyí tó pín ìlú sí apá-apá. Apá ibí fún ọjà, apá ọ̀hún fún ilé iṣẹ́, ìyókù fún ilé gbígbé. Òun náà ló ń sọ bí ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn kọ́lé sí i. Bó bá ní ilé ńlá nìkan, ta ló máa kọ́lé níbẹ̀?"

"Olówó."

"Tálákà ńkọ́?"

"Á lọ háyà yàrá."

"Bí àwọn tó ń wá yàrá bá pọ̀, tí yàrá kò pọ̀ ńkọ́?"

Mùsílíù gbé ojú sókè. Ilé Láwàlì ló ń wò.

"Ẹ ti rí i," ni Adérónkẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n bí òfin bá gba ilẹ̀ kékeré, tó gba yàrá mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tó gbà kí ènìyàn gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé bàbá rẹ̀, tó gbà kí aláró máa gbé ibi tó ti ń rẹ aṣọ, ilé á pọ̀. Bí ilé bá pọ̀, onílé á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ ayálégbé."

"Kí oníkálukú wá máa kọ́lé bó ṣe wù ú?" Màmá Aláró ló bèèrè.

"Rárá o, mà. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé sí ilé. Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà, ilé ìyàgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà, ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà tí ọkọ̀ panápaná máa gbà. Ilé kékeré yàtọ̀ sí ilé jákujàku."

"Ó dáa. Ìbéèrè mi kò tíì rí ìdáhùn. Ta ló sọ pé ilé ńlá là ń fẹ́?"

Adérónkẹ́ wo ilẹ̀ kí ó tó gbé ojú sókè.

"Màámi, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn kan gbé ìwé wá síbí. Wọ́n bi yín pé ẹni mélòó ló ń gbé inú ilé yìí. Kí lẹ sọ?"

Igi tí màmá fi ń ro aró dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ní, 'Àwa mẹ́ta péré la wà nílé yìí.'"

Ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n!

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni màmá wí. "Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n sì ka àwọn ìyá wa, owó-orí ló tẹ̀lé e. Kí ni kí n wí?"

"Mi ò bú yín, mà. Ilé tó tẹ̀lé tiyín ní àwọn jẹ́ méjì. Àlàájì Láwàlì ní òun àti ìyàwó òun nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe wí. Nígbà tá a rò ó pọ̀, ìwé ní ìhà ibí ṣófo. Ibi tó ṣófo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé ńlá. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yà á. Èmi tí mo ti jẹun nínú ilé yìí, ohun tí ìwé wí ni mo yà, mi ò la ẹnu mi."

Màmá Aláró wo ọwọ́ ara rẹ̀, tó ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

"Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi síta. Bóyá ọmọ tó lọ yẹn..."

"Màámi, ẹ má sọ ọ́," ni Bùsírátù wí. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Adérónkẹ́ wá sọ ohun tó kù. Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri kóòtù ìbílẹ̀ àti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fún ará ìlú láti sọ tẹnu wọn, ó sì ti ku mọ́kànlá. Ìpàdé ń bọ̀ ní ọjọ́ Túsìdeè. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin yí padà gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí sí iye ènìyàn tó ń gbé ilé rẹ̀.

"Níwájú gbogbo ìlú?" ni màmá bi í. "Kí n máa nàka sí ọmọ ọlọ́mọ, ení, èjì, ẹ̀ta? Mi ò lè ṣe é."

Nígbà tó di Túsìdeè, Láwàlì ló kọ́kọ́ dìde ní gbọ̀ngàn, agbádá rẹ̀ gba àga méjì.

"Ẹ fi òfin sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdọ̀tí ni ilé kéékèèké ń kó wá. Ènìyàn kò sì pọ̀ ní Kemta, ìwé ìjọba fúnra rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀."

Alága ìpàdé ṣí ìwé, ó mi orí. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí.

Ni Màmá Aláró bá wọlé, àwọn obìnrin tẹ̀lé e, ẹní kíká lórí oníkálukú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àga wọ̀nyẹn kúrò."

"Ìyá, kí lèyí?" ni alága bèèrè.

"Ọmọ mi, mo parọ́ fún ìjọba. Mo ní àwa mẹ́ta ni. Mi ò lè ka ọmọ, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ èèwọ̀ ẹní kíkà rí? Ohun tá à ń sùn lé nílé mi rèé. Méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń sùn lórí òmíràn. Ẹ kà á."

Wọ́n tẹ́ méjìdínlógún sílẹ̀. Ilé kejì tẹ́ tiwọn. Mọ́níkẹ́, ayálégbé Láwàlì, kó ti àwọn ará ilé rẹ̀ dé.

"Tilé Àlàájì nìyí. Àlàájì, ẹ ní ẹ̀yin àti ìyàwó yín nìkan lẹ wà ńbẹ̀. Ta ló wá ni gbogbo èyí, àlùjọ̀nnú?"

Ẹ̀rín sọ. Àlàájì jókòó. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn kún, wọ́n tẹ́ ẹní dé ẹnu ọ̀nà, kò sì gbà wọ́n tán.

Bùsírátù ló tẹ́ ti ìkẹyìn. Kò sẹ́ni tó rán an. Ẹní kékeré kan ni, kò gùn ju apá rẹ̀ lọ, ó sì fi ọwọ́ tún etí rẹ̀ ṣe.

"Ẹni tó ni èyí kò sí mọ́," ló wí. "Ẹ kà á mọ́ ọn."

Alága fi kálàmù sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ ka gbogbo ilé ní ìhà ibẹ̀ lákọ̀tun.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún ni òfin tuntun jáde, Bùsírátù kò sì dúró dè é. Ọ̀dẹ́dá ló bímọ sí, bó ṣe wí. Òfin náà gba ilẹ̀ kékeré, ó gba yàrá mẹ́rin, ó gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n fọwọ́ sí píláànù Mùsílíù. Àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a mọ ògiri lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ní ọ̀fẹ́. Aládùúgbò márùn-ún tún bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, yàrá mẹ́ta ṣófo nílé Láwàlì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wá ẹni tó máa gbé e.

Mùsílíù lọ sí Ọ̀dẹ́dá, kò bẹ ìyàwó rẹ̀, ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé, Bùsírátù kò kọ́kọ́ gbé ẹrù wọlé. Ó wọ yàrá kìíní, ó ṣí fèrèsé, atẹ́gùn wọlé. Ó wọ ìkejì, ó ṣí ti ibẹ̀ náà. Ó wá tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ gbọ́ o. Bí òṣìṣẹ́ ètò ìlú bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní in, ẹ sọ òótọ́ fún un. Irọ́ tí ẹ pa fún un, ọmọ yín ni yóò sùn lórí rẹ̀. Kí ẹ tó ra ilẹ̀, kí ẹ tó fi búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀, ẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì irú ilé tí òfin gbà níbẹ̀. Bí òfin bá há yín mọ́, ẹ má fi òru kọ́lé bí olè. Ẹ kóra yín jọ, ẹ lọ sí ìpàdé, ẹ ní ilẹ̀ kékeré àti ilé oníyàrá púpọ̀ lẹ fẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ má lọ, ẹ bi í pé yàrá mélòó ló ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán ìlú náà, ẹ má jókòó ti ìwé nìkan. Ẹ lọ fojú yín rí ibi tí ènìyàn ń sùn.

Ọjọ́ tí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ ògiri kóòtù ni ọjọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó kà á fún yín. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ilé yín pé wọ́n fẹ́ wó o, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù.