Ìlú Tó Ń Yin Alákòóso Rẹ̀

Nígbà tí àwọn ọmọ Odùduwà ti kọ́ ìlú sínú òṣùpá, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ń wọn ìfẹ́ ará ìlú sí ìjọba bí ẹní ń wọn ìrẹsì. Awọnhùn ni orúkọ rẹ̀. Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀. Etí ni gbogbo ara rẹ̀. Ó wà lára ògiri, ó wà lára àga, ó wà lára ìbòrí dígí ńlá tó bo ìlú kí afẹ́fẹ́ má baà sá lọ. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nípa ìjọba ni ó ń kà: ìyìn lọ́tọ̀, èébú lọ́tọ̀.

Ìlú méjì ló ń gbọ́. Ní Arómiyọ̀, ariwo ni oúnjẹ àárọ̀. Wọ́n ń bá ìgbìmọ̀ wọn jà lórí omi, lórí afẹ́fẹ́, àní lórí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní Ìtura, níbi tí alákòóso kan ṣoṣo ti ń pàṣẹ, kẹ́kẹ́ pa mọ́ atíòro lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá lanu rárá, ìyìn alákòóso ni yóò sọ, tàbí kó ṣàdúrà fún un. Inú alákòóso náà a sì máa dùn, ẹni tí wọ́n ń yìn kì í béèrè ìdí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéríbigbé, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, fi ìlú méjèèjì wéra. Ó wá dá a lábàá fún Àjọ Òṣùpá, tí ìlú méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀, pé kí wọ́n tú ìgbìmọ̀ Arómiyọ̀ ká, kí wọ́n fi alákòóso kan síbẹ̀ bíi ti Ìtura.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Mosúnmọ́lá wọ akínyẹmí ara. Abẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Arómiyọ̀ ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Ògúndípẹ̀, wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó lè fi odidi ọ̀sẹ̀ jiyàn lórí ìlẹ̀kùn kan, kó sì máa rẹ́rìn-ín lọ sílé.

"Sà, a mọ bí ìyìn yẹn ṣe pọ̀ tó," Mosúnmọ́lá wí. "A ò mọ ohun tó ń bí i. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn gbé ní Ìtura, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu wọn."

"Ẹnu èèyàn mélòó lo fẹ́ gbọ́?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í. "Ọ̀kan á purọ́ fún ọ, èkejì á sunkún, ìwọ náà á bá a sun ún. Ẹ̀rọ mi gbọ́ tẹrú tọmọ. Òǹkà kì í ṣojúsàájú."

Òótọ́ wà níbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

"Kì í ṣojúsàájú, sà, ṣùgbọ́n kì í túmọ̀ ara rẹ̀. Ẹ máa kà, kí n máa béèrè, ká wá fi méjèèjì wéra."

"Máa lọ. Ṣùgbọ́n Àjọ ò ní dúró dè ọ́ o."

Ọkọ̀ rẹ̀ rọra ń léfòó lọ lórí eruku òṣùpá. Ayé so rọ̀ lókè, ó búlúù, kò mi. Èèyàn kì í wúwo nínú òṣùpá. Bí o bá gbẹ́sẹ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó balẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń rìn lójú àlá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìtura ṣe ń kọjá lọ, tẹ̀ríntẹ̀rín, láìpariwo.

Ilé Ìyá Àṣàbí ló dé sí, ìyá arúgbó kan tó ń rán ẹ̀wù èémí, ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ jáde kúrò lábẹ́ dígí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bi léèrè ló yin alákòóso, títí Mosúnmọ́lá fi ń rò ó pé bóyá Ọ̀jọ̀gbọ́n ló jàre.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ omi àdúgbò gbẹ. Kò sẹ́ni tó kígbe. Àwọn aládùúgbò kàn ń bu nínú omi tí wọ́n tọ́jú fún ara wọn.

"Ìyá, ẹ ò ní fẹjọ́ sun alákòóso ni?"

"Alákòóso kẹ̀? Ẹni ire ni. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un."

Mosúnmọ́lá dìde. "Ìyá, òkú là ń ṣàdúrà yẹn fún! Mo rí alákòóso lánàá."

"Lójú tìẹ nìyẹn." Ìyá Àṣàbí fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "A fẹjọ́ sùn ún títí ẹnu wa fi bó, ọmọ mi. Ọdún tí òùngbẹ pa ọmọ ọmọ mi, a wí, wí, wí. Kò gbọ́. Ìlú bá fẹnu kò pé ó ti kú. A kì í bá òkú wíjọ́ níhìn-ín. Rere rẹ̀ nìkan là ń sọ."

Mosúnmọ́lá sáré padà. "Sà, ẹ bi ẹ̀rọ yín: nínú gbogbo ìyìn Ìtura, èwo ló béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ alákòóso? Èwo ló dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀la?"

Awọnhùn wá a títí. Kò rí ẹyọ kan. Èébú Arómiyọ̀ ńkọ́? Kìkì ọ̀la ni: ẹ tún un ṣe, ẹ dá wa lóhùn, a ń padà bọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rọra jókòó. "Mo ka àwọn aṣọ̀fọ̀ mọ́ aláyọ̀," ó wí. "Ọ̀rọ̀ ìyá kan ṣoṣo ló kọ́ ẹ̀rọ mi ní ohun tó yẹ kó bi. Mosúnmọ́lá, jọ̀ọ́, má bínú. Àjọ ti tú ìgbìmọ̀ yín ká, wọ́n ti fi alákòóso kan síbẹ̀, ó ti tó ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Arómiyọ̀ bá ṣì ń jà, mo lè fi ìyẹn bẹ Àjọ."

Mosúnmọ́lá dé Arómiyọ̀, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ní títì. Bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti rù.

"Bàámi, ẹ máa bá alákòóso tuntun yìí jà o! Ẹ bú u, ẹ pè é lẹ́jọ́. A ó gba ìgbìmọ̀ yín padà."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ká bá a jà kẹ̀? Ọmọlúwàbí ni. Ó gbìyànjú nígbà ayé rẹ̀."

Mosúnmọ́lá bú sẹ́kún. Ó ní irọ́ ni, ó ní ọkùnrin náà ń mí, ó ní kí bàbá òun ṣáà sọ̀rọ̀. Ògúndípẹ̀, tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni láyé, fọwọ́ pa á lẹ́yìn, kò sì bá a jiyàn.