Dátà Tó Tán Lọ́jọ́ Ìdánwò Dámilọ́lá

"Guy, update don land o," ni Efosa, ọ̀rẹ́ Ṣèyí tí wọ́n jọ ń ta géèmù, kọ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. "If you no do am today, we go put another person for your place."

Ṣèyí dìde jókòó lórí àga pálọ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní àdúgbò Ogida, omi ṣì ń kán láti orí páànù sínú báàfù tí wọ́n gbé sẹ́yìn ilé. Ilé ìwé wà lọ́lidé, òun nìkan ló sì wà nílé. Ìyá rẹ̀ ò tíì dé láti báńkì. Dámilọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti lọ yá kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́wọ́ ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kó tó jáde ló ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní:

"Ṣèyí, mo bẹ̀ ẹ́, má fọwọ́ kan dátà yẹn o. Ọ̀la ni ìdánwò mi."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án, Àǹtí Dámi."

Dátà tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń lò tí kì í tán. Ìwọ̀nba ni ìyá wọn máa ń rà sórí ẹ̀rọ wáífáì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ìwọ̀nba yẹn ló sì gbọ́dọ̀ gbé gbogbo wọn dé ìparí oṣù. Látìgbà tí bàbá wọn ti kú, kò sí ohun tí wọn kì í wọ̀n lò nínú ilé náà: gáàsì, epo jẹnẹrétọ̀, títí kan mílíìkì inú agolo. Yunifásítì ti gba Dámilọ́lá wọlé nígbà kan, ṣùgbọ́n owó ò sí, àyè náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Látìgbà náà ló ti wà nílé, tó ń wo bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Àfi lóṣù yìí tí ẹgbẹ́ kan tó ń san owó ilé ìwé fáwọn ọmọ tí bàbá wọn ti kú pè é fún ìdánwò orí ayélujára. Ọjọ́ tí ìpè náà dé, ìyá wọn kúnlẹ̀ sí ilé ìdáná, ó sunkún ayọ̀.

Ṣèyí kì í ṣe ọmọ burúkú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, orí rẹ̀ pé, ó sì mọ̀ nípa ẹ̀rọ ju gbogbo ará ilé lọ. Bí fóònù ìyá rẹ̀ bá ń ṣe ségesège, òun ni wọ́n ń pè. Ó ti fara balẹ̀ wo ìwọ̀n dátà tí géèmù ìbọn tí òun àti Efosa ń ta máa ń jẹ, ó sì rí i pé bí èèyàn bá ta á fún wákàtí kan gbáko, ohun tó jẹ kò tó ti ẹni tó wo fídíò kúkúrú kan. "Géèmù kì í jẹ dátà," ló máa ń sọ fún ìyá rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ta géèmù, ọ̀tọ̀ ni kó gba àtúnṣe tuntun tí àwọn tó ṣe géèmù náà gbé jáde. Èyí kì í lá dátà. Ńṣe ló ń gbé e mì.

Ṣèyí mọ èyí náà. Síbẹ̀ ó ń ro ìdíje tí wọ́n fẹ́ bá àwọn ọmọ àdúgbò Ogbe ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀, ilé ti dákẹ́ rọ́rọ́. Inú géèmù yẹn nìkan ni wọ́n ti ń fi ìdùnnú pariwo orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ló kù fún un?

"Èyí tó máa kù á tó Àǹtí Dámi," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó tẹ ibi tí yóò ti gba àtúnṣe náà.

Nígbà tí àtúnṣe náà parí, géèmù tún béèrè bóyá kó gba àwọn pápá ìjà tuntun àti ohùn àwọn jagunjagun. Ṣèyí tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láì kà á tán. Lẹ́yìn náà lòun àti Efosa wọlé, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí máìkì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó jáde tó wo ohun tó kù lórí ẹ̀rọ wáífáì, ó tún un wò lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó kù ò ju ìsàlẹ̀ ìkòkò lọ.

Ó pinnu pé òun á sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n òun. Àmọ́ nígbà tí Dámilọ́lá wọlé, kọ̀ǹpútà tó yá wà láyà rẹ̀ nínú ọ̀rá, aṣọ rẹ̀ tutù, ẹnu rẹ̀ sì kún fún ẹ̀rín. "Ṣèyí, wá wò ó! Ó ní kámẹ́rà tó dáa!" Ọmọ náà wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yin kámẹ́rà náà, kò sì sọ ti dátà. Ó ṣe tán, ìbéèrè lásán ni ìdánwò, ìbéèrè kì í jẹ dátà. Ó tún fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú, ó sì lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá wọn gbàdúrà fún Dámilọ́lá kó tó lọ síbi iṣẹ́. "Orí bàbá rẹ á tì ẹ́ lẹ́yìn," ló wí, ó sì fọwọ́ pa á lórí. Dámilọ́lá jókòó sídìí tábìlì. Fóònù oníbọ́tìnnì rẹ̀, tí kò lè ṣe ju ìpè àti owó fífi ránṣẹ́ lọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ìdánwò ṣe bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ yọ lórí kọ̀ǹpútà.

"Kí ni kámẹ́rà ń ṣe níbẹ̀?" Ṣèyí béèrè, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Wọ́n gbọ́dọ̀ máa wò wá títí a ó fi parí, kí ẹnikẹ́ni má bàa jíwèé wò. Jọ̀ọ́, jáde."

Ó jáde, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mọ̀ pé kámẹ́rà tí kì í sinmi á jẹ dátà ju ìbéèrè lọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ padà. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ igbe.

"Ṣèyí! Wá, ó ti dúró! Kò lọ mọ́!"

Ó sáré wọlé. Iná orí ẹ̀rọ wáífáì ti di pupa. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un pé dátà ti tán.

"Kí ló ṣe é? Wọ́n ní bí ìlà bá já, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré la ní láti padà wọlé. Àbí dátà ló tán? Owó wà nínú àkáǹtì mi, mo lè fi fóònù mi rà á báyìí."

Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Bí Ṣèyí bá sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni," ìgbájú kan ni wọn ì bá gbá a, ìdánwò ì bá sì máa lọ. Àmọ́ ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í.

"Dátà ṣì wà dáadáa," ló wí. "Nẹ́tíwọ̀kì ni. Òjò yìí ló fà á."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Àǹtí Dámi."

Dámilọ́lá kò jiyàn. Ta ló mọ ẹ̀rọ ju Ṣèyí lọ? Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó wé e sínú ọ̀rá, ó sì bọ́ sínú òjò láìwọ bàtà dáadáa. Ó ní òun ń lọ sí ilé oníkọ̀ǹpútà kan lójú títì Siluko, níbi tí wọ́n ti ń lo ayélujára. Ìgbà tí Ṣèyí sáré dé géètì, ó lanu, ó pè é. Kẹ̀kẹ́ Màrúwà tó gbé e ti ṣíra.

Nílé oníkọ̀ǹpútà náà, wọ́n ti mú iná lọ. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Sister, small time." Nígbà tí iná dé tí Dámilọ́lá sì rí ojú ewé ìdánwò náà ṣí, ohun tó bá níbẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú rẹ̀ ti pé, wọ́n sì ti pa àyè rẹ̀ dé. Ó jókòó síbẹ̀, omi òjò ń kán láti irun rẹ̀ sórí tábìlì, kò sì mọ ohun tó lè tẹ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá wọn bá a lórí àga, ojú rẹ̀ ti wú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fà á mọ́ra. "Má sunkún mọ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. A ó kọ̀wé bẹ̀ wọ́n." Ó mú fóònù rẹ̀. "Jẹ́ kí n ra dátà díẹ̀ sí i ná, bóyá nẹ́tíwọ̀kì á ti padà."

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí iná pupa orí ẹ̀rọ wáífáì fi di àwọ̀ ewé.

Dámilọ́lá tẹjú mọ́ iná náà, ó rí i pé dátà ló ń wá, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ṣèyí. Ṣé nẹ́tíwọ̀kì ni?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́… Èmi ni. Géèmù ni. I no know say e go finish am." Ẹkún ò jẹ́ kó sọ ìyókù ní èdè kankan. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Ti Ṣèyí ò tiẹ̀ lo ọjọ́ kan.

Ìyá wọn kò nà án. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo ṣe èyí fún wa?" Ìbéèrè yẹn dun Ṣèyí ju pàṣán lọ.

Wọ́n kọ̀wé. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó kúrú: àánú wọn ṣe ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yan àwọn tí wọ́n fẹ́. Nígbà tí ọlidé fi parí, Dámilọ́lá ti ń bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyá Ṣọlápé ta abọ́ oníke àti garawa ní ọjà Ekiosa. Òun tó fẹ́ kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì ló ń nu eruku kúrò lára garawa láràárọ̀. Nílé, kì í bá Ṣèyí jà. Ó ń dá a lóhùn, ó ń bu oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n kì í pè é wá wo ohunkóhun mọ́.

Ṣèyí ti pa géèmù náà rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀. Efosa bínú díẹ̀, wọ́n sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò dùn ún tó bó ti rò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá wọn fi oúnjẹ rán an sí Ekiosa. Dámilọ́lá gbà á, ó dúpẹ́. Ṣèyí kò lọ.

"Àǹtí Dámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ pé dátà yẹn…"

"Kì í ṣe dátà," ni Dámilọ́lá wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Dátà tó tán, mo ní owó tí mo lè fi rà á. Mo bi ẹ́ léèrè. Mo tún bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Irọ́ tó o pa fún mi ni mi ò rí ohun tí mo lè fi rà padà." Oníbàárà kan dé, ó ń béèrè iye garawa. Dámilọ́lá nu ojú rẹ̀, ó sì yí padà sí i.

Ṣèyí rìn kúrò nínú ọjà náà láàárín èrò, kò sì sí ẹni tó wojú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ní kí ọ̀dọ́ má ta géèmù. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò, kì í ṣe ti ẹnì kan láti dá mu tán. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó béèrè. Bó bá sì ti ṣìṣe, kó tètè sọ ọ́, nítorí àṣìṣe tí a jẹ́wọ́ lákòókò ṣì lè rí àtúnṣe. Àṣìṣe Ṣèyí ní àtúnṣe lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ì bá gbà. Irọ́ tó fi bò ó ló sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹ ìyà rẹ̀ títí di òní.