Móòdẹ́mù Tí Kò Gba Síìmù

Dọlápọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Lọ́dún 2009, káfẹ́ tó ti máa ń gba iṣẹ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kógbá sílé, ló bá ra móòdẹ́mù lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Pedro.

"Madam, síìmù yòówù kẹ́ ẹ ní, á bá a lọ," ọkùnrin náà wí. Dọlápọ̀ gbà á gbọ́, kò ní kó dán an wò.

Lọ́jọ́ kejì, Lazarus, apẹja kan láti Bàrígà, wọlé wá. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ sin ín.

"Omi ọ̀sà ya wọlé wa, ó ba gbogbo fọ́tò Màámi jẹ́," ló wí. "Ẹyọ kan ló kù, ọwọ́ Peculiar, àbúrò mi ní London, ló wà. Ó ti fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ síwájú ìwé ìsìnkú."

Dọlápọ̀ yí móòdẹ́mù náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò rí ojú ibi tí síìmù ń gbà wọlé. Ó pe ẹni tó tà á fún un.

"Ẹ gbé e wá, kẹ́ ẹ mówó dání. Mo máa tú u fún yín, kó lè gba síìmù yín," nìyẹn dáhùn.

Lazarus jókòó, ó ń wo Dọlápọ̀ lójú.

Bí Dọlápọ̀ ṣe ń wá bàtà rẹ̀ ni Kùdírátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọlé. Iléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ni Kùdírátù ti ń ṣiṣẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ má lọ," ló wí nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. "Kò sóhun tó fẹ́ tú. Móòdẹ́mù CDMA nìyí, láìnì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà rẹ̀, ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀, kì í gba síìmù. GSM ni síìmù yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn nìyẹn. Èdè wọn ò papọ̀, wọn ò lè gbọ́ra wọn yé."

"Ìyàwó mi, kí ni kí n wá ṣe?"

Kùdírátù yọ móòdẹ́mù tirẹ̀ nínú báàgì, èyí tó ń gba síìmù GSM. Wọ́n so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, àmọ́ ńṣe ni fọ́tò náà ń wọ́ bí ìgbín.

"3G, íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára, ò dé inú yàrá yìí dáadáa. Ẹ jẹ́ ká gbé e sójú fèrèsé."

Níbẹ̀ ni fọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti òkè wá: gèlè aláwọ̀ ewé, iwájú orí, lẹ́yìn náà ojú méjì tó ń rẹ́rìn-ín. Lazarus dìde.

"Màámi," ló wí, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Kílẹ̀ tó ṣú, ìwé ìsìnkú ti jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dọlápọ̀ padà sí Pedro, kò bá ọkùnrin náà níbẹ̀ mọ́, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́, kò sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ra ọjà náà.

Ẹ̀yin ará, kẹ́ ẹ tó ra móòdẹ́mù tàbí fóònù, ẹ béèrè bóyá GSM ni àbí CDMA, àti bóyá ẹ lè pààrọ̀ síìmù inú rẹ̀. Ẹ wádìí bóyá 3G dé àdúgbò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò lójú yín, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ tún un dán wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró dọjọ́ tí ẹlòmíì máa jókòó síwájú yín, tó ń retí ojú ìyá rẹ̀.