Ẹ Bá Mi Jí I Dìde

Oṣù mẹ́ta ni obìnrin kan ní fóònù ọmọ òun ti bọ́ sódò, àmọ́ omi ṣì ń kán lára rẹ̀ sórí tábìlì mi.

Èmi tí mo ń tún fóònù ṣe yìí, ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo tú u, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní, "Ó ti kú pátápátá."

"Mo mọ̀." Ọmọbìnrin rẹ̀ àti fóònù náà ni wọ́n jọ bómi lọ kí wọ́n tó rí fóònù yọ. Ohùn ọmọ náà tó wà nínú rẹ̀ ni ìyá fẹ́ gbọ́, kò ní òmíràn. "Ẹ bá mi jí i dìde."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí òkú tí n kì í jí dìde!" Bí àwa oníṣẹ́ fóònù ṣe máa ń yangàn nìyẹn. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Mo yọ bátìrì sọ́tọ̀. Mo fi fúlọ́ọ̀sì, òróró tó ń jẹ́ kí òjé ṣàn, yí ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú ohùn ká, mo wá dojú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná kọ ọ́. Èéfín rú. Mo mọ òórùn èéfín yẹn bí ẹni mowó, àmọ́ irun tútù ni eléyìí ń rùn.

"Màmá, ta ló jí mi?"

Yéè! Orí mi wú. Inú fóònù náà ni ohùn ọmọbìnrin yẹn ti wá, bẹ́ẹ̀ kò sí bátìrì, kò sí sípíkà níbẹ̀. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò, obìnrin náà dì í mú.

"Èmi ni, ọmọ mi. Bá mi sọ̀rọ̀."

"Mo ti sùn, Màmá. Ara ti tù mí. Ó gbóná níbí, ó ń jó mi."

Mo dín ooru kù, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. "Díẹ̀ sí i. Ẹ ṣàánú mi." Mo fi díẹ̀ sí i. Ọmọ náà figbe ta. Èmi náà bímọ. Mi ò mọ ti ta ni kí n gbọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ìyá rẹ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. "Ẹ pa á."

Mi ò lè ṣe é. Ó na ọwọ́ kọjá mi. "Sùn, ọmọ mi. Má bínú sí mi." Ó pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Igbe náà dá wáí.

Ó fi ìborùn rẹ̀ wé fóònù náà, ó gbé e mọ́ àyà. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Ẹ dákun, ẹ má sọ fún bàbá rẹ̀ pé èmi ni mo pa á."