Ọjọ́ Tí Ara Ìyàwó Bá Yá

Àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyàwó dìde lórí ẹní ni Bàbá Alágbàfọ̀ kú. Bàbá ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ni, áyọ́ọ̀nù ṣì gbóná lórí tábìlì. Wọ́n kàn jókòó bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́. Igbe Ìyàwó ni gbogbo ilé gbọ́, nítorí òun ló kọ́kọ́ wọlé bá wọn, òun tí kò lè dá yí ẹ̀gbẹ́ padà láti bí ọjọ́ mélòó kan.

Ìyá, ìyàwó olóògbé, sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n kó tó sunkún, ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó dúró gbọin lórí sìmẹ́ǹtì.

Ìyá ló wá di olórí iṣẹ́ alágbàfọ̀ náà: ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lọ aṣọ níwájú, yàrá tí wọ́n ń sùn láàárín, àgbàlá tó kún fún okùn àti bàfù ńláńlá lẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọkọ Ìyàwó, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kì í sábà sí nílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àǹtí, ti kó padà wálé tòun ti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Ẹyinjú. Ní ti Ìyàwó, ìrora ti sọ ẹ̀yìn àti èjìká rẹ̀ dilé láti ìgbà pípẹ́. Kò sí egbò, kò sí wíwú. Lónìí kò ní lè gbé ife omi dẹ́nu, lọ́la á sá aṣọ kún gbogbo okùn kí oòrùn tó mú. Ta ló fẹ́ gba irú àìsàn bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Onídìrí tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ò gbà á gbọ́. Ojú-Fèrèsé ni àdúgbò ń pe obìnrin náà, nítorí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá wọn, kì í sì í tì í àfi bí òjò bá ń rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wá kí Ìyá, ó fa àpótí mọ́ra, ó wẹ̀yìn wò.

"Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ má bínú o. Ìyàwó yín yẹn, ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ìdájí?"

"Kí ló ṣe?"

"Á jáde sábẹ́ okùn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn ẹyẹ dúdú á wá bà sórí okùn, wọ́n á tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ẹni wá ṣèpàdé. Ọjọ́ tí Bàbá kú, ta ló dìde? Ìgbà tí apá Àǹtí ṣẹ́, ta ni ara rẹ̀ yá lójijì? Ó ń gbé ìrora rẹ̀ fún èèyàn ni! Bó bá ti bọ́ lára tirẹ̀, ara ẹlòmíràn ló bà lé yẹn."

"Máa lọ sílé rẹ, jàre," ni Ìyá wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò bá Ojú-Fèrèsé lọ sílé.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ara Ẹyinjú fi gbóná. Àtìyá àtìyá àgbà dì mọ́ ọmọ, iṣẹ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè mọ́. Ẹ̀yìn Ìyàwó ti dá a dùbúlẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá jáde ní ìdájí láti pọn omi fún ọmọ tó ń ṣàìsàn, ó bá Ìyàwó lábẹ́ okùn. Ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Àwọn ẹyẹ wà lórí okùn lóòótọ́. Ara Ìyá ta gìrì.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Mò ń nara ni. Nọ́ọ̀sì ní bí mo bá dùbúlẹ̀ sójú kan, á gan mọ́ mi lára. Mò ń ka bí mo ṣe ń mí."

"Àwọn ẹyẹ yìí ńkọ́?"

"Èérún búrẹ́dì tí mo fi lo oògùn ni wọ́n ń ṣa."

"Ara rẹ ti yá, àbí?"

"Ó fúyẹ́ díẹ̀, Ìyá. Kì í lọ tán."

"Ẹyinjú ò lè gbórí sókè," ni Ìyá wí. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà Ojú-Fèrèsé mú aríran kan wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í wo ojú èèyàn. Kò fọwọ́ kan ọmọ. Ó ní, "Ẹrù ẹlẹ́rù ni ọmọ yìí gbé. Ẹni tó ni ín wà nínú ilé yìí. Ẹ dá a padà sí i lára, ọmọ á dìde."

"Báwo la ṣe máa dá a padà?" Àǹtí bèèrè.

"Ṣé ẹ ò mọ ohun tó ń fa ìrora rẹ̀ ni?"

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú ilé yẹn? Kí a tó ṣẹ́jú, Ìyá ti kó àwọn kúbùsù tó nípọn jùlọ dà sínú bàfù, ó ti gbé àpótí tí Ìyàwó máa ń jókòó lé kúrò, ó ti gba oògùn rẹ̀ so mọ́ etí aṣọ ara rẹ̀.

"Fọ̀ ọ́. O ò gbọdọ̀ jókòó. Bí o bá kọ̀, di ẹrù rẹ, kí ọkọ rẹ má sì bá ọ nínú ilé yìí."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá ṣe é gbé fún èèyàn ni, ṣé mi ò bá ti gbé e jù sínú kòtò?" Ìyàwó di etí bàfù mú. "Ẹ gbọ́ mi. Bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, ẹ̀yin á fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mà á fọ díẹ̀, mà á jókòó kí ìrora tó ní kí n jókòó, mà á rìn, mà á tún fọ díẹ̀. Ohun tó ń mú un rọlẹ̀ nìyẹn. Àwọn aláìsàn á ti dùbúlẹ̀ kí ara mi tó yá. Ẹ̀yìn wọn ni tèmi ń tẹ̀ lé, kì í ṣiwájú."

"Bàbá ńkọ́?" Àǹtí pariwo. "O ti dìde kí wọ́n tó kú!"

"Bàbá ti gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi ṣáájú ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n sinmi, àwọn á bá mi ṣe tèmi."

Ìyá yíjú sí bàfù. Ó mọ ohun kan tí kò sọ. "Fọ̀ ọ́," ló tún wí.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀. Kúbùsù àkọ́kọ́ rọrùn. Nígbà tó ń fún èkejì, iná kan gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìka. Ó dúró. Ìyá ní kó máa fọ̀ ọ́ lọ. Ojú-Fèrèsé wà lójú fèrèsé rẹ̀. Oòrùn ń lọ, kúbùsù ń wúwo sí i, omi ọṣẹ ń já bọ́ lágbọ̀n Ìyàwó pọ̀ mọ́ omijé, wọ́n sì ń wò ó. Àánú ṣe Ìyá, síbẹ̀ kò ní kó fi í sílẹ̀. Nígbà tí Ìyàwó na ọwọ́ láti mú ìkẹyìn, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàfù, kò lè gbé ọwọ́ láti nu ọṣẹ lójú.

"Ìyá," ló wí látilẹ̀. "Ó ti pé sí mi lára. Kò sí èyí tó kù níta. Ẹ lọ fọwọ́ kan ọmọ."

Ìyá sáré wọlé. Nígbà tó padà jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà bí ó ṣe fi kan iwájú orí ọmọ, ó nà án síwájú bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀.

"Ó gbóná ju ti àárọ̀ lọ. Kò dá mi lóhùn."

Àǹtí ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó pọn Ẹyinjú, ó forí lé ọsibítù láìwọ bàtà. Aríran ti lọ tipẹ́tipẹ́. Fèrèsé onídìrí ti di títì, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀.

Ìyá jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó gbé orí Ìyàwó lé itan. Ó tú oògùn ní etí aṣọ.

"Àyà ti ń dun Bàbá," ló wí. "Ó ti pẹ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ." Ó bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ, Ìyàwó. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ."

Ìyàwó la ẹnu gba oògùn náà.

Dókítà ní díẹ̀ ló kù kí ẹ̀pa má bóró mọ́. Ẹyinjú fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé, ó ń bèèrè bísíkíìtì. Ìyàwó pẹ́ lórí ẹní ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń gbé omi gbígbóná sí i lẹ́yìn, àpótí ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàfù, kò sì sẹ́ni tó ń gbé e kúrò mọ́. Wọ́n mọ̀ báyìí pé kúbùsù méjì ò gbọdọ̀ tẹ̀ léra wọn, pé ọjọ́ tó bá rọrùn gan-an ló yẹ kó ṣọ́ra ṣe.

Níkẹyìn ó dìde. Ní ìdájí ọjọ́ náà ó jáde sábẹ́ okùn, ó na ọwọ́ sókè, àwọn ẹyẹ sì bà. Ìyá rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó kí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló rọra wọ yàrá lọ, ó sì gbé ọwọ́ lé iwájú orí Ẹyinjú tó ń sùn.

Kò gbóná. Ìyá ò tètè gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀, nígbà tó sì yíjú padà, Ìyàwó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.